Orin Tí Gbogbo Wọn Mọ̀

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ife bíà kan ṣoṣo ni mo mu lọ́jọ́ náà, torí èmi ni mo wakọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, mi ò ní bá a jà.

Roslyn Penhale lorúkọ mi. Ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń wà ní ìlú Kadina. Fún ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi àti Gavan àbúrò mi fi tẹ̀lé ẹgbẹ́ olórin kan tí wọ́n ń pè ní Kelpie káàkiri etíkun. Wọn kì í ṣe olórin ńlá. Ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n, irun ti tán lórí mẹ́ta nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí orin wọn tí mi ò mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gavan máa ń sọ pé bí Denzil tó ń kọrin bá gbàgbé ọ̀rọ̀, ẹnu mi ló máa ń wò.

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kìíní, wọ́n wá ṣeré ní ilé ọtí Port Tarrant, èyí tó kọjú sí òkun. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Oòrùn náà mú débi pé ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. A tó àádọ́rùn-ún nínú ilé ọtí náà, ojúlùmọ̀ ara wa sì ni púpọ̀ jù nínú wa. Pauline, ọ̀rẹ́ mi ará Moonta, ti gbé fóònù sókè bó ṣe máa ń ṣe. Kì í fi eré kankan sílẹ̀ láìya fídíò rẹ̀.

Mo wá àga kan, mo jókòó.

Gavan ní, "Ros, o ti darúgbó o. Ta ló ń jókòó níbi eré Kelpie?"

"Ìwọ máa dúró. Orúnkún tèmi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó lọ ra páì ẹran méjì wá.

Wọ́n kọ orin mẹ́wàá. Mo bá wọn kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà Denzil fi aṣọ nu ojú. Gìtá kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Inú mi dùn. Mo rò pé orin tuntun ni. Mo yíjú sí Gavan kí n lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Gavan ti ń kọ ọ́.

Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Obìnrin tó ń ta ọtí ń kọ ọ́. Bàbá arúgbó kan wà ní kọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ọtí tirẹ̀ ló wá mu, tó ti ń bínú sí ariwo wa láti ọ̀sán. Òun náà ń kọ ọ́. Wọn ò wo ẹnu ara wọn. Kò sẹ́ni tó ṣì í kọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ orúkọ ọmọ rẹ̀.

Èmi nìkan ni mi ò mọ̀ ọ́n.

Omijé ń dà lójú Gavan. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mi ò rí i kó sunkún mọ́.

Mo bi í pé, "Orin wo nìyí?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. "Ros, má fi èyí ṣeré."

"Mi ò fi ṣeré. Mi ò mọ̀ ọ́n ni."

"Orin tá a fi sin Màmá? Ìwọ lo kọ́ wa, Ros. Ìwọ gan-an lo kọ́ gbogbo wa."

Màmá wa ò kú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló bá mi wí pé mi ò bá òun gbé ike ìdọ̀tí síta.

Mo dìde. Mi ò sáré. Mo gba àárín wọn kọjá, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí òkun, mo sì pe Màmá. Fóònù náà dún títí. Lẹ́yìn mi, wọ́n ti dé ibi ègbè lẹ́ẹ̀kejì.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Eré kírikẹ́ẹ̀tì ni mò ń wò. O ò jẹ́ kí n rí ẹni tí wọ́n lé jáde." Ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. "Ibo lo wà? Ṣebí o ní ẹ̀ ń lọ síbi eré?"

"Ibẹ̀ ni mo wà."

"Kí ló dé tó fi dákẹ́ báyìí? Ìró òkun nìkan ni mò ń gbọ́."

Mo gbé fóònù kúrò létí. Orin náà ń lọ. Ohùn àádọ́rùn-ún ènìyàn. Pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo dá fóònù padà sétí.

"Màmá, ẹ ò gbọ́ orin?"

"Orin wo? Roslyn, ṣé o ti yó ni?"

Nígbà tí mo wọlé, orin náà ti parí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Denzil ní orin kan ló kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n máa ń fi kásẹ̀ eré nílẹ̀. Mo mọ ìyẹn dáadáa.

"Ibo lo lọ?" Gavan bi mí. "Kí ló ṣe ojú ẹ báyẹn?"

"Orin tẹ́ ẹ kọ tán yẹn. Èyí tó pa ọ́ lẹ́kún."

"Ẹkún kẹ̀?" Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wo ọwọ́ náà pẹ́. "Òógùn ni," ó ní. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ dúró níwájú.

Mo lọ bá Denzil níbi tó ti ń ká wáyà. Ó ní àwọn ò kọ orin kankan láàárín orin kẹwàá àti ti ìkẹyìn. Òun nu ojú, àwọn sì bọ́ sórí èyí tó kẹ́yìn.

"Ìwọ tó o mọ orin wa jù wá lọ," ó ní. "Lọ mu omi, jàre. Ooru yìí ló mú ẹ."

Mo fẹ́ gbà fún un. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, mo lọ sọ́dọ̀ Pauline. Ó po tíì fún mi, a sì jọ wo ohun tó yà.

Denzil nu ojú. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn dúró. Ọwọ́ àwọn olórin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ẹni tó la ẹnu. Ìró òkun nìkan ni. Mo rí ara mi tí mo ń bá Gavan sọ̀rọ̀. Mo rí i tí mo dìde, tí mo gba àárín wọn. Bí mo ṣe ń kọjá ni orí wọn ń yí tẹ̀lé mi, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo jáde, gbogbo ojú wà lára ilẹ̀kùn. Ojú àwọn olórin pàápàá. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Pauline ní, "Fóònù ló há. Àwòrán ló dúró."

Mo ní, "Wo fáànù òkè."

Fáànù ń yí. Omijé sì ń kán ní àgbọ̀n Gavan.

Pauline pa fóònù. "Mu tíì ẹ," ó ní. "Ó ti ń tutù." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun ti pa á rẹ́. Mi ò bi í nídìí.

Ó di ọdún méjì báyìí. Mi ò lọ síbi eré Kelpie mọ́, Gavan náà kò sì pè mí mọ́. Ọ̀rọ̀ orin náà ti lọ lórí mi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wà. Bí mo bá ń wakọ̀, á dé. Bí mo bá ń fọ abọ́, á ti dé ẹ̀yìn eyín mi kí n tó mọ̀. Orin tá a fi sin Màmá ni Gavan pè é, ó sì ní èmi ni mo kọ́ wọn. Nítorí náà mo ń pa ẹnu mi mọ́.

Màmá ti pé àádọ́rùn-ún ọdún. Ara rẹ̀ le. Ó ṣubú nínú ọgbà nígbà òtútù, ni mo bá kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń fọ abọ́, ó ń nù wọ́n.

"Ìwọ tó o máa ń kọrin nídìí abọ́," ó ní. "Kí ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́?"

"Ọ̀fun ló ń dùn mí, Màmá."

"Láti ọdún méjì?"

Mo túbọ̀ ṣí ẹ̀rọ omi, kó lè pariwo.

"Orin tó há sí ọ lọ́fun yẹn," Màmá ní. "Kọ díẹ̀ fún mi."

Ó gba abọ́ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ mi, ó nù ún gbẹ, ó sì gbé e kalẹ̀. Kò kúrò níbẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi.