Ta Ló Lẹ Òkú Mi Mọ́ Ògiri?

Àwọn méjì ló gbé àkàbà dé. Ọ̀kan dì í mú, èkejì gùn ún, ó sì gé wáyà iná ilé Adéníran kúrò lára òpó bí ẹni ń gé okùn ọrùn ewúrẹ́. Adéníran sáré jáde láti inú ilé, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń ṣe? Mo ti san owó iná."

"Bàbá, ẹ ò san kọ́bọ̀ láti ọdún tó kọjá."

"Báǹkì ló ń gé e lóṣooṣù. Ẹ wo fóònù mi."

Ẹni tó wà lókè kò tilẹ̀ wolẹ̀. "Ẹ lọ fi hàn wọ́n ní ọ́fíìsì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gé e."

Wọ́n ká wáyà náà, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n kọjá sí ilé Rasheedat tó ń ta ẹja yìnyín, wọ́n gé tiẹ̀ náà.

Nínú yàrá, ẹ̀rọ tó ń fún Àrìnkẹ́ ní atẹ́gùn ti dákẹ́. Ìyàwó Adéníran ni Àrìnkẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, ẹ̀rọ yẹn sì ni dókítà ní kó máa lò nílé. Adéníran fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó dún, ó wúkọ́, ó kú. Agbára rẹ̀ kò gbé ẹ̀rọ náà. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ọsibítù, Àrìnkẹ́ ti ń fi ẹnu wá èémí.

"Bàbá Kúnbi," ó ní, "ṣé òótọ́ lẹ san owó iná yìí?"

"Mo san án."

Ó wò ó. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Inú ọkọ̀ ló kú sí, wọn ò tíì kọjá Ketu.

Kúnbi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló lọ bi wọ́n léèrè ní ọ́fíìsì oníná. Nígbà tó padà dé, kò jókòó.

"Daddy, wọ́n ní kò sí owó kankan tó wọlé látọwọ́ yín."

"Alẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí fóònù mi."

"Alẹ́ẹ̀tì ń sọ pé owó kúrò lọ́wọ́ yín. Ibo ló lọ? Ṣé tẹ́tẹ́ lẹ fi owó iná Mummy ta?"

Adéníran na fóònù náà sí i, Kúnbi kò gbà á. Wọ́n sin Àrìnkẹ́. Kúnbi padà sí ilé ọkọ rẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Adéníran ń wá: kí ẹni tó jí owó náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ létí ọmọ rẹ̀.

Kò pẹ́ kí àwọn ará àdúgbò tó mọ ẹni tí wọn yóò máa wá. Gbogbo ilé tí wọ́n gé iná wọn, Olúwadàmọ́lá ló forúkọ wọn sílẹ̀. Ìpàdé àwọn onílé ni ọmọkùnrin náà ti yọ sí wọn ní ọdún tó kọjá, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ iná tó ń dán, káàdì sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní ìyà títò lórí ìlà ti tán, báǹkì ni yóò máa gé owó iná fúnra rẹ̀. Ó gba fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí wọn sí òun létí. Wọ́n kà á. Wọ́n gbàdúrà fún un. Rasheedat bá a ya fọ́tò. Láti ìgbà náà, bíìlì tó ń wọlé kò fi gbèsè kankan hàn, ọwọ́ Dàmọ́lá fúnra rẹ̀ ló sì ń mú un wá.

Ínsípẹ́kítọ̀ Loveth ní àgọ́ ọlọ́pàá gbọ́ ọ dópin, ó mi orí.

"Bàbá, ẹ ka kóòdù báǹkì fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí?"

"Ó wọ aṣọ ilé iṣẹ́."

"Aṣọ! Olè náà máa ń wọ aṣọ, Bàbá. Èwo ló ń rìn níhòòhò?"

Ó wá àdírẹ́sì tó wà nínú àkáǹtì tí owó ń wọ̀. Ilẹ̀ òfìfo ni, koríko ló wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tẹ fọ́tò tí Rasheedat yà jáde, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń wá a, wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Kó tó di ọjọ́ kejì, olóṣèlú kan àti oníṣègùn jẹ̀dí ti lẹ tiwọn bò ó.

Rasheedat ló kọ́kọ́ rí i. Ó wà lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ketu nínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń tẹ fóònù arábìnrin àgbàlagbà kan. Rasheedat pe Adéníran, àmọ́ kò lè dúró dè é.

"Olè! Olè oníná! Ẹ bá mi mú un!"

Dàmọ́lá gbéra. Ó ń fò lórí àtẹ̀gùn afárá, ó ń ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní àárín afárá ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó jù ú sísàlẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì náà já sórí ọkọ̀ tòmátò tó ń lọ sí Mile 12, ọkọ̀ sì gbé e lọ. Nígbà tí Adéníran fi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ọmọkùnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, ó ti wọ bọ́ọ̀sì Ojota.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù Adéníran dún. Nọ́ńbà kò hàn.

"Bàbá, mo rí yín ní Ketu. Àgbà kì í sáré lásán o. Kí lẹ ń lé?"

"Níbo lo wà?"

"Inú òkùnkùn. Bíi tiyín." Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù náà.

Adéníran jáde sí ẹnu géètì, ó jókòó síbi tí pósítà òkú ìyàwó rẹ̀ wà. Àrìnkẹ́ wà níbẹ̀ nínú léèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń kọjá dúró, ó ka orúkọ, ó ka ọjọ́ orí, ó ní, "Ó mà ṣe o." Ọkùnrin kan dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì dúró. Kò sí ẹni tó ka ti ọlọ́pàá, àmọ́ kò sí ẹni tó lè kọjá lára pósítà òkú láìwo ojú ẹni tó wà níbẹ̀, bóyá ará ilé òun ni.

Ní òwúrọ̀ ó gba ṣọ́ọ̀bù Jayé lọ, ẹni tó tẹ pósítà Àrìnkẹ́. Ó gbé fọ́tò Dàmọ́lá kalẹ̀.

"Fi àmì dúdú yí i ká. Fi àbẹ́là sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí o ti ṣe ti Mummy Kúnbi."

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ẹni yìí kú?"

"Kò kú."

Jayé fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ha! Ká lẹ ẹni tó wà láàyè mọ́ ògiri bí òkú? Mi ò lè ṣe é, Daddy. Kó má lọ padà sórí mi."

"Sórí mi ni yóò padà sí. Tẹ̀ ẹ́."

Jayé tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó yọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀. Adéníran fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí wọn yóò kọ síbẹ̀: *Olúwadàmọ́lá. Ẹ bá wa kí ìyá rẹ̀.* Lẹ́yìn náà, àdírẹ́sì ilé Adéníran ní Ìkòsì. Kò sí ọ̀rọ̀ ikú kankan níbẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ ní Ìkòsì, ní Ketu, ní Alápẹ̀rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ dé Ojota. Lẹ́yìn náà ló lọ sọ fún Loveth.

Loveth tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá, you get mind o." Ó gbé fìlà rẹ̀, ó tẹ̀lé e.

Oòrùn ọjọ́ kejì kò tíì mú tí ìyá náà fi dé. Gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, obìnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dì í mú lápá. Pósítà tó já kúrò lára òpó ní Ojota ló gbá mọ́ àyà, ó sì wó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé.

"Ibo lẹ tẹ́ ẹ sí? Ẹ jẹ́ n rí i! Ẹ jẹ́ n rí ojú ọmọ mi!"

Adéníran dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò ké nígbà tí Àrìnkẹ́ kú. Igbe náà ló ń gbọ́ lẹ́nu obìnrin yìí, òun ló sì fi í síbẹ̀. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ìyá, ẹ dìde. Ọmọ yín wà láàyè."

Igbe dákẹ́. "Kí lẹ wí?"

"Ó wà láàyè. Ìyàwó mi ni kò sí." Ó nawọ́ sí pósítà Àrìnkẹ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìgbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ ikú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ!" Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà na ìka sí i.

"Ẹ tún un kà, Mummy. Ibo ni mo ti kọ ikú?"

Ìyá náà kò bá wọn dá sí i. Ó mú fóònù rẹ̀. Òun nìkan ni Dàmọ́lá fún ní nọ́ńbà tuntun.

"Dàmọ́lá?"

"Mummy! Gbogbo ayé ń pe àwọn ọ̀rẹ́ mi pé mo ti kú! Ta ló ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí?"

Ìyá náà di ojú. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí níwájú òkú ẹ, ní àdírẹ́sì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mi ò ní dìde títí màá fi rí ẹ lójúkojú."

Ó wá. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni, ìyẹn gan-an ló korò jù. Ó ti géètì wọlé tìbínútìbínú.

"Ta ló lẹ òkú mi mọ́ ògiri?"

Loveth jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Èmi rèé. Mo wá sin ẹ́."

Dàmọ́lá yí padà. Rasheedat ti ti géètì, ó fẹ̀yìn tì í. Ọmọkùnrin náà fò mọ́ fẹ́ǹsì, ọwọ́ rẹ̀ tẹ ìgò tí wọ́n rì sórí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ jáde.

"Dàmọ́lá," ìyá rẹ̀ ní, láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Sọ̀ kalẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Loveth kò tíì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Kúnbi, tí Rasheedat ti lọ mú wá láti Alápẹ̀rẹ̀ kí Dàmọ́lá tó dé, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ṣé òṣìṣẹ́ iná ni ẹ́?" Loveth bi Dàmọ́lá.

"Wọ́n ti lé mi. Mi ò dá jákẹ́ẹ̀tì padà."

"Owó tí báǹkì ń gé?"

"Àkáǹtì mi ló ń wọ̀. Mo fún un ní orúkọ tó jọ ti ilé iṣẹ́."

"Bíìlì ńkọ́?"

"Mo máa ń gba ojúlówó lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in. Mo ń tẹ tèmi."

Adéníran sún mọ́ ọn. "O mọ̀ pé wọ́n máa gé iná wa."

"Mo rò pé ó máa pẹ́. Wọn kì í tètè gé ti ìhín. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń fi iná mí, Bàbá."

"Bàbá yìí, ṣé ó san owó iná rẹ̀ àbí kò san án?" Loveth ní. "Sọ ọ́ sókè."

"Wọ́n san án. Kò sí oṣù tí wọn ò san án."

Kúnbi kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. "Daddy. Daddy, ẹ foríjì mí."

"Dìde," Adéníran ní. "Mo ti foríjì ẹ́. Àmọ́ ìwọ kọ́ ló yẹ kó gbọ́ ọ jù."

Bí wọ́n ti ń mú Dàmọ́lá lọ, ìyá rẹ̀ di aṣọ Adéníran mú. "Ẹ bá mi ya òkú ọmọ mi kúrò lára ògiri."

Nígbà tí àwọn oníná parí ìwádìí, wọ́n gbà pé wọn yóò dá wáyà padà fún gbogbo ilé. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá, Adéníran gbé garawa omi àti ọ̀bẹ, ó ń ha pósítà Dàmọ́lá tó gbẹ̀yìn kúrò lára òpó, tí ó fi gbọ́ ariwo láti ilé dé ilé.

"Up NEPA!"

Rasheedat ń jó níwájú fíríìsà rẹ̀. "Daddy Kúnbi, wọ́n ti mú un wá o! Ẹ kú oríire!"

Adéníran dá a lóhùn, ó wọlé. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n gé iná, kò sẹ́ni tó rántí pa ẹ̀rọ Àrìnkẹ́ lára ògiri. Ó ti jí. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń mí sókè, ó ń mí sílẹ̀, rọ́bà rẹ̀ sì ń fẹ́ atẹ́gùn sórí ìrọ̀rí.

Adéníran jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì náà. Kò pa á.