Orun Mi Ti Kan

Ọkùnrin náà ń fa okùn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára igi tó gbé kọ́ ara ògiri. Bó bá fa okùn, igi á tẹ̀ díẹ̀. Bó bá dẹ okùn, igi á nà padà. Roheemat dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ní Ketu, àpò iṣẹ́ wà léjìká rẹ̀. Kò yẹ kó dúró rárá. Iṣẹ́ òru ló ṣe mọ́jú ní ọsibítù kan ní Ifákọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí nigi yìí fi ṣe yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kò fi nǹkan kan ṣe mí, Aunty nọ́ọ̀sì. Ọrun ni mò ń ṣe. Mo ń wò ó bóyá apá méjèèjì ń tẹ̀ dọ́gba. Ibo lẹ rí pé ó le?"

Roheemat nàka sí apá òkè. Ọkùnrin náà fi ọ̀bẹ fá ibẹ̀ díẹ̀, ó tún fà á wò. Òótọ́ ni.

"Ojú yín ríran o. Ẹ jókòó, jàre. Ẹsẹ̀ yín ti ń bẹ̀bẹ̀."

Gbénró lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìmẹ̀kọ. Àga ló ń kàn tà. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọrun ṣíṣe, àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi ọfà títa ṣeré ìdárayá ló sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Roheemat kì í ti relé láìyà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀, àárẹ̀ ò jẹ́. Nígbà míì oorun á gbé e lọ lórí àga, Gbénró á sì rọra máa fági kó má baà jí i. Gbogbo ayé ló ń kán Roheemat lójú. Ọkùnrin yìí nìkan ni kì í kánjú. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

"Ta lo ń ṣe ọrun kékeré yìí fún?" ló bi í lọ́jọ́ kan.

"Obìnrin kan tó máa ń hanrun."

"Èmi? Irọ́ ńlá! Mi ò kí ń hanrun."

"Ẹn-ẹ́n? Ṣé jẹnẹrétọ̀ ló wá ń dún níbí lánàá?"

"Fún mi, jẹ́ kí n fà á."

"Rárá, Àdùkẹ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ la ń fà á títí tí ara rẹ̀ á fi mọ́ ọn. Ẹni tó bá fà á tán lẹ́ẹ̀kan, á kán an."

Ṣùgbọ́n Alhaji Salaudeen, bàbá Roheemat tó ń ta ẹ̀wà ní Mile 12, ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Gbénró sétí. "Ọrun? Ẹran wo ló fẹ́ ta ní Ketu? Ewúrẹ́ eléwúrẹ́?" Yúnúsà tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Owódé Onírin ló fẹ́ kó fẹ́. Ọmọlúàbí ni Yúnúsà, kò sẹ́ni tó lè purọ́ mọ́ ọn. Àràárọ̀ ni Alhaji ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, títí Roheemat, tí kò lókun àtijà mọ́, fi ní òun gbà. Ta ló lè bá àárẹ̀ jiyàn? Ó pe Gbénró lórí fóònù, ó ní kó má pe òun mọ́.

"Ṣé ohun tó wà lọ́kàn ẹ nìyẹn?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Gbénró."

"Ó dáa. Sùn dáadáa."

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ẹbí Yúnúsà fẹ́ wá tọrọ rẹ̀, òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń ṣa ẹ̀wà nílé nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Gbénró ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Orun mi ti kan."

Ọrùn! Roheemat ti rí ọrùn tó kán lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ̀ pé ẹlòmíì kì í dìde mọ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò iṣẹ́, ó fa kọ́là tí wọ́n fi ń gbé ọrùn dúró yọ, ó sáré jáde láìwọ bàtà. "Gbénró mi o! Mo gbé!" Kẹ̀kẹ́ tó kọ́kọ́ rí ló kó sí. Alhaji wọ òmíràn tẹ̀ lé e, fìlà lọ́wọ́.

Gbénró jókòó nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó sorí kọ́. Bó ṣe rí i ló fẹ́ dìde.

"Má mira!" Roheemat ti so kọ́là mọ́ ọn lọ́rùn. "Ibo ló ń dùn ẹ́? Ṣé o lè gbẹ́sẹ̀?"

"Roheemat, kí ló dé?"

"O ní ọrùn ẹ kán!"

Gbénró nawọ́ sílẹ̀. Ọrun kékeré náà wà níbẹ̀, ó ti kán sí méjì. "Ọrun ni mo kọ. Mi ò fi àmì sí i ni. Tìẹ ni. Ọkàn mi ò sí níbi tí mò ń ṣe, mo fà á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè sọ fún."

Ẹ̀rín gba Roheemat, ẹkún sì dé lé e. Ó lù ú láyà. "Wèrè! O fẹ́ pa mí!" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀, àfi bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Tó bá jẹ́ Yúnúsà ni, màá ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ọsibítù, màá sì máa ṣa ẹ̀wà mi lọ."

Alhaji ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo kọ́là tó wà lọ́rùn Gbénró, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀.

"Daddy, mo ní mo gbà. Irọ́ ni. Ó rẹ̀ mí ni. Ọkùnrin yìí ni mo fẹ́."

Bàbá náà jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga kan. Ó fẹ̀yìn tì í, ó yíjú sí Gbénró.

"Ìwọ lo kan àga yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó gba ẹ̀yìn èèyàn dáadáa." Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni màá pe Yúnúsà. Ìwọ, kó àwọn ẹbí ẹ wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sunday."

Gbénró dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti kọ́là.

"Rọra o!" ni Alhaji ké, ó ti dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ọrùn ẹ! Roheemat, gbá a lọ́rùn mú!"