Ohùn Eigil Nínú Sípíkà Àtijọ́

"Mo fi sàréè Eigil búra, Vibeke, ó pè mí! Ó pè mí lórúkọ!"

"Ta ló pè ẹ́? Òkú? Tove, òkú ló ń pè ẹ́?"

"Ibí yìí lo jókòó sí! Ife kọfí ṣì wà lọ́wọ́ ẹ! Má sọ fún mi pé o ò gbọ́!"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Atẹ́gùn òkun ni mo gbọ́. Háà, àbúrò mi, orí ẹ ti ń dàrú o!"

Bí Vibeke ṣe wí nìyẹn, ló bá bu súgà kún kọfí rẹ̀, ó ń rò ó jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́. Irọ́ burúkú! Obìnrin náà gbọ́ ohùn òkú yẹn kedere, ó wo ojú ọmọ ìyá rẹ̀, ó ní òun ò gbọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo ilé náà máa gbọ́ ọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní lè sẹ́ ẹ.

Ìlú Svaneke ni wọ́n ń gbé, ní erékùṣù Bornholm, nínú ilé kékeré kan tó kọjú sí èbúté. Eigil, ọkọ Tove, tó máa ń tún rédíò ọkọ̀ ojú omi ṣe, ló fi sípíkà tí kò ní wáyà sí gbogbo ilé: ọ̀kan nílé ìdáná, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan ní yàrá. Íńtánẹ́ẹ̀tì inú ilé ló ń gbé orin láti orí fóònù dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí Tove bá ń gbálẹ̀ láti yàrá dé ilé ìdáná, orin kan náà ló ń tẹ̀ lé e kiri. Nígbà tí àìsàn dé, tí ọwọ́ Eigil ń gbọ̀n, tí kò lè fi fóònù kọ̀wé mọ́, ṣe ló máa ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, á sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ọmọ, sí ọ̀rẹ́, sí àna. Ìgbà tí ewé ń wọ́ ló kú.

Wọn ò tíì sin ín pẹ́ tí ohùn náà fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà òtútù ti dé, ìgbà tí ilẹ̀ máa ń ṣú kí èèyàn tó fọ abọ́ oúnjẹ ọ̀sán tán. Tove ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀:

"Tove! Tove! Ṣé o ti ti ilẹ̀kùn?"

Ohun tí Eigil máa ń wí nìyẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé rẹ̀, nítorí atẹ́gùn ìlà-oòrùn tó máa ń já ilẹ̀kùn náà gbà, tó sì ń pa àbẹ́là ojú fèrèsé. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Tove. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó fọwọ́ kàn án, ó tún un tì.

Láti ọjọ́ náà, kò mọ ibi tí ohùn náà máa gbà yọ mọ́. Ó lè jẹ́ lórí àtẹ̀gùn, ó lè jẹ́ níbi ìrọ̀rí rẹ̀ gan-an. Tove ò lè jẹun dáadáa. Ó ń bẹ̀rù ìrọ̀lẹ́, ó sì tún ń retí ìrọ̀lẹ́, nítorí ìbẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ náà ni. Ní gbogbo ìgbà tó bá sì gbọ́ ọ, Vibeke wà nítòsí, tó ń ta káàdì lórí fóònù rẹ̀, tó ń mi orí, tó ń káàánú.

Ẹ̀gbọ́n Tove ni Vibeke. Ọjọ́ ìsìnkú ló gbé báàgì rẹ̀ wọlé, ó ní òun wá bá àbúrò òun gbélé, kò sì padà sílé mọ́. Ẹnu lásán! Nígbà èwe wọn, ní alẹ́ tí wọ́n máa ń dáná sétí òkun láàárín ìgbà ooru, Vibeke ni Eigil kọ́kọ́ bá jó. Àmọ́ nígbà tí iná kú, Tove ló sìn lọ sílé. Vibeke rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó tún gbé òdòdó tẹ̀ lé ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó gbé ìbínú náà mì, kò sì dà nínú rẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Ní báyìí tí ọkùnrin náà ti lọ, ilé rẹ̀ ló fẹ́ gbà.

Òun ló ń pe Torben, ọmọ kan ṣoṣo tí Tove bí, ní Copenhagen. "Torben, ìyá ẹ ò mọ nǹkan tó ń ṣe mọ́. Ó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ tiná bọlé. Ilé àwọn arúgbó tó wà nílùú Rønne, lápá kejì erékùṣù, ló tọ́ sí i. Èmi á máa tọ́jú ilé fún yín."

Torben wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Kì í ṣe ọmọ burúkú, àmọ́ etí rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù. Ó ti bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀: obìnrin kan ń bọ̀ wá yẹ ìyá rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà bá sọ ló máa pinnu bóyá Tove á ṣì máa gbé ilé ara rẹ̀ tàbí wọ́n á kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Rønne. Ó tún gbé ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun wá, kó lè máa rí ojú ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó yọ ti àtijọ́ kúrò lára ògiri, ó fi tuntun so tẹlifíṣọ̀n àti àwọn fóònù, ó ṣe é tán, ó nawọ́ sí sípíkà orí àtẹ̀gùn.

"Àwọn yìí ti gbó, Màmá. Wọn ò lè bá ẹ̀rọ tuntun sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kó wọn dànù."

"Fọwọ́ kàn wọ́n kó o rí mi! Bàbá ẹ ló kàn wọ́n mọ́bẹ̀!"

"Wò ó!" ni Vibeke sọ fún Torben kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé ìwọ náà rí i?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Eigil ò pè é. Ní ọjọ́ kejì, kò pè é. Torben ti padà lọ, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, Tove sì ń ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dúró nídìí rẹ̀ láti gbọ́. Ó bú sẹ́kún bíi pé ọkọ rẹ̀ tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tó ti ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì dúdú lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ lù ú, tí ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ni Eigil dákẹ́. Òkú wo ló ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì?

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa gbà á gbọ́? Ó dúró di ìgbà tí Vibeke lọ ra ẹja yíyan létí èbúté, ló bá jókòó ti ẹ̀rọ tuntun náà. Ó rántí bí Eigil ṣe ṣe é nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ rí. Kò yí ká ilé lọ mú sípíkà kọ̀ọ̀kan mọ ẹ̀rọ tuntun. Orúkọ ẹ̀rọ àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ ló fún tuntun. Ó ní, "Tove, bí tuntun bá ń jẹ́ orúkọ àtijọ́, àwọn tó kù ò ní mọ̀ pé ẹnì kankan ti lọ." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Tove fún ẹ̀rọ tuntun náà lórúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àtijọ́. Iná pupa ara sípíkà ń ṣẹ́jú, kò dúró. Ó tún ronú. Ẹ̀rọ tuntun máa ń gba ọ̀nà méjì sọ̀rọ̀, èyí tó yára àti èyí tó ń falẹ̀, etí àwọn sípíkà àtijọ́ ò sì gbọ́ ju èyí tó ń falẹ̀ lọ. Ó ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀, ó fi orúkọ àtijọ́ sí èyí tó ń falẹ̀. Iná ilé ìdáná dúró, ó di funfun. Ti pálọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ti àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà ti yàrá.

"Eigil?" ni Tove pè.

Kò sí ìdáhùn. Nígbà tí Vibeke dé, tó ń ṣí ẹja sílẹ̀, Tove ò sọ fún un pé àwọn sípíkà ti jí.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Torben dé, obìnrin ìjọba ìbílẹ̀ náà, Gyda lorúkọ rẹ̀, jókòó sí pálọ̀. Vibeke ti tẹ́ tábìlì bíi pé òun ló nilé: kọfí, àkàrà òyìnbó, àbẹ́là lójú fèrèsé.

"Tove," ni Gyda wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ohùn ọkọ yín?"

"Rárá. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ tí Torben pààrọ̀ ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì."

Vibeke bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Òkú tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì! Ẹ ò rí i fúnra yín?"

Àmọ́ Gyda ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó wo sípíkà ara ògiri. Torben náà wò ó. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Vibeke.

"Mò ń bọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ lọ mú aṣọ ìnuwọ́ wá."

Ó gòkè lọ sí ilé ìwẹ̀, ó ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀, ó yọ fóònù jáde láti pa ohùn Eigil tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Bó bá pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀ ni, bóyá mi ò ní rí ìtàn kankan sọ. Àmọ́ ọkàn tó ti ń jó láti ìgbà èwe kì í gbọ́ràn. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn Eigil lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé fóònù sétí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé ohùn sókè, ó tún gbé e sókè títí ó fi dé òpin.

Ó rò pé sípíkà ti kú. Fóònù rẹ̀ ò sì gbàgbé ibi tó máa ń rán ohùn sí ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́!

Gbogbo ilé náà mì. Láti ilé ìdáná, láti pálọ̀, láti orí àtẹ̀gùn, Eigil sọ̀rọ̀:

"Vibeke, èmi ni. Ohun tó o wí lánàá, pé Tove ò tọ́jú mi, pé kí n fi ilé yìí sílẹ̀ fún ẹ, má tún sọ ọ́ sí mi létí mọ́. Tove ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń bọ́ mi. Mi ò kábàámọ̀ ẹni tí mo sìn lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ iná yẹn. Má wá síbí mọ́ títí màá fi kú." Ikọ́ gbé e, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Ohùn náà wá jìnnà díẹ̀, bí ẹni tó yíjú sí yàrá kejì. "Tove! Tove! Ṣé o ti ti ilẹ̀kùn?"

Ife bọ́ lọ́wọ́ Torben. Tove dúró, ọwọ́ rẹ̀ lórí àyà, omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ohun tí mo ń gbọ́ nìyẹn," ló wí. "Ìparí rẹ̀ nìkan ni Vibeke ń jẹ́ kí n gbọ́."

Vibeke sáré wálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ funfun bí aṣọ òkú.

"Irọ́ ni! Kì í ṣe èmi! Sípíkà yìí ti bàjẹ́!"

"Ọ̀dàlẹ̀!" ni Torben pariwo. "Ẹ gé ohùn bàbá mi, ẹ fi ń dẹ́rù ba ìyá mi! Èmi òmùgọ̀, mo sì fẹ́ bá yín lé e jáde nínú ilé rẹ̀!"

"Èmi ló kọ́kọ́ bá jó!" Ohùn Vibeke ya. "Èmi! Tove jí i mọ́ mi lọ́wọ́! Gbogbo ayé mi ni mo fi wo fèrèsé ilé yìí láti ìta!"

"Vibeke," ni Tove wí, kò pariwo. "O jókòó tì mí, mò ń sunkún, o ní o ò gbọ́. Ọmọ ìyá mi ni ẹ́. Gbé báàgì ẹ."

Gyda ti ń wọ kóòtù rẹ̀. Ó di ọwọ́ Tove mú. "Orí yín pé ju tèmi lọ, Màmá. Kò sẹ́ni tó máa mú yín lọ sí Rønne."

Báyìí ni Vibeke ṣe gbé báàgì rẹ̀ jáde. Àwọn aládùúgbò ti yọ sí ẹnu ọ̀nà, nítorí ohùn Eigil ti dé òpópónà, kò sì sí ẹni tó kí i títí tó fi dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí. Torben gbórí lé èjìká ìyá rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, Tove sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Vibeke ò ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ìlà-oòrùn fẹ́ wọlé, ó pa àbẹ́là ojú fèrèsé. Tove fi Torben sílẹ̀, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà títí ó fi pa dé. Ó wo sípíkà orí àtẹ̀gùn tí iná funfun rẹ̀ ń tàn.

"Mo ti tì í, Eigil," ló wí. "Mo ti tì í."