Aṣọ Pupa Lára Bíréékà

"Bí mo bá so aṣọ yìí, ta ló lè tú u?"

"Ẹ̀yin nìkan ni, mà."

"Kí nìdí?"

"Torí ọwọ́ yín ló máa wà nínú omi."

Màmá Oníná rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fa kókó aṣọ náà le. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ìgbà téèyàn ń ka ìsọdipúpọ̀, kò sì sú u. Aṣọ pupa kékeré kan ni, ara ìborùn rẹ̀ àtijọ́ ló ti gé e. Ibi yòówù tó bá ti ń ṣiṣẹ́ iná, bíréékà tó bá pa ló máa so ó mọ́. Ẹni tó bá so ó ni yóò tú u. Obìnrin náà fẹ́ràn àwàdà gan-an, àmọ́ kì í fi èyí ṣeré.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló dúró tì í. Tẹ́sítà ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́, torí kò sígbà tí kì í fi tẹ́sítà iná, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná wà nínú wáyà, há irun bí ẹni fi òòyà há a. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ni ìyá rẹ̀ ń tún wáyà rẹ̀ ṣe. Màmá ti fi wáyà so àkàbà irin, irin ìdìmú àti pọ́ǹpù pọ̀, ó sì ti rì í mọ́lẹ̀ dáadáa, kí iná tó bá jò lè gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀. Ó wá ku iná kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ omi. Omi ti wọ inú iná náà. Bí wọ́n bá ti tàn án báyìí, bíréékà kékeré tó ń ṣọ́ ọ á já.

"Bíréékà yìí ò bàjẹ́ o," ni Màmá wí bó ṣe ń wọ bàtà. "Iná ló ń jò sínú omi, òun ló sì ń rí i. Mo fẹ́ lọ ra iná tuntun. Má kúrò níbí, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ omi."

Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó lọ tí ọmọ onílé, ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ yẹn, fi jáde sí i pẹ̀lú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́rùn. Àwọn ọmọbìnrin méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Òun ni gbogbo kíláàsì ń fẹ́ bá ṣọ̀rẹ́, Tẹ́sítà náà sì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ sọ ọ́ jáde.

"Ṣé ẹ ò tíì parí ni? Mo ti sọ fún àwọn wọ̀nyí pé iná máa tàn nísàlẹ̀ omi."

"Ó ku díẹ̀. Ẹ dúró de màmá mi."

"Màmá ẹ, màmá ẹ. Ṣebí ìwọ lo ń fi tẹ́sítà há irun kiri. Àbí o kàn fi ń ṣoge ni?"

Àwọn méjì yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á yìí, ẹ má sọ pé ẹ ò mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn etí ló ti máa ń gbóná. Tẹ́sítà wọ yàrá kékeré tí pọ́ǹpù àti àpótí bíréékà wà, ó sì tú aṣọ pupa.

Ó ti bíréékà sókè. Ó já. Ó tún tì í, ó tún já. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ló bá fa suwíìṣì ńlá ilé wálẹ̀, ẹ má sọ pé kò mọ iṣẹ́, ó mú sukurudíráfà, ó ṣí ìbòrí àpótí, ó yọ wáyà iná abẹ́ omi kúrò lára bíréékà kékeré, ó sì gbé e sórí èyí tó ń gbé iná ara ògiri. Ìyẹn ò mọ̀ bóyá iná ń jò tàbí kò jò. Ó dá suwíìṣì ńlá padà.

Iná tàn. Ìsàlẹ̀ omi mọ́lẹ̀ roro, ọmọ onílé sì pàtẹ́wọ́. Inú Tẹ́sítà dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú.

Ọmọ onílé ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti wọ omi nígbà tí wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀ Màmá lẹ́nu géètì. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Tẹ́sítà sáré wọlé. Àyè ò sí láti dá wáyà padà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé iná tó ti kú ti kú nìyẹn, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó fa bíréékà kékeré wálẹ̀, ó fi èyí tó ń gbé iná ara ògiri sílẹ̀ lókè bó ṣe wà, ó dá ìbòrí àpótí padà sórí wáyà, ó sì so aṣọ pupa padà gẹ́lẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe so ó.

Màmá dé pẹ̀lú iná tuntun lábíyá. Ó yọjú sí yàrá pọ́ǹpù, ó wo aṣọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sétí omi.

"Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan aṣọ mi?"

"Rárá, mà."

Màmá na ọwọ́ kí ọmọ rẹ̀ fún un ní tẹ́sítà, torí kì í fọwọ́ kan nǹkan kan láìdán an wò. Tẹ́sítà ò mira. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀, àmọ́ àwọn mẹ́ta yẹn ń wò ó.

"Fi sílẹ̀," ni Màmá wí, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ṣebí ìwọ lo ṣọ́ ọ."

Ó fi ọwọ́ òsì di àkàbà irin mú, ó sì ki ọwọ́ ọ̀tún bọ omi.

Kò pariwo. Ìyẹn ló ba Tẹ́sítà lẹ́rù jù lọ títí dòní. Ara ìyá rẹ̀ le gbagidi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì já kúrò lára irin. Ọmọ onílé sáré sí i.

"Má fọwọ́ kàn án!" ni Tẹ́sítà kígbe.

Tẹ́sítà ò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gbé e dé yàrá pọ́ǹpù. Ó fa suwíìṣì ńlá wálẹ̀. Nígbà tó máa fi jáde, Màmá ti ṣubú sórí kọnkéré, kò mí. Tẹ́sítà pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ tí kò pè é rí láyé rẹ̀. Màmá wúkọ́. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta náà dúró bí ère títí bàbá onílé fi sáré jáde tó gbé Màmá sínú ọkọ̀.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní bó bá fi lè pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú ni wọn ì bá gbé wá. Àtẹ́lẹwọ́ Màmá méjèèjì ti jó. Nígbà tó la ojú, kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọgbẹ́.

"Aṣọ mi wà níbẹ̀," ló ń sọ ṣáá. "Mo rí i. Ibo ni iná ti wá? Àbí èmi ni mo ṣi wáyà gbé? Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí mọ́. Mo lè pa ọmọ ọlọ́mọ."

Tẹ́sítà lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì náà, ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ̀yin kọ́, mà. Èmi ni mo tú u. Mo gbé wáyà sórí bíréékà mìíràn. Èmi náà ni mo so aṣọ padà."

Màmá wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Títú tó o tú u, mo lè ní ọmọdé ló ń ṣe ọ́. Àmọ́ o so ó padà. O wò mí lójú, o ní rárá, o sì jẹ́ kí n ki ọwọ́ bọ ọ́."

Ó yí ojú sí ògiri. Iná náà ò kan Tẹ́sítà lára, àmọ́ ìyíjú yẹn dùn ún dé egungun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Màmá padà sétí adágún náà pẹ̀lú oníná ọkùnrin mìíràn tí yóò bá a ṣe iṣẹ́, torí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì lè di nǹkan mú dáadáa. Wọ́n dá wáyà padà sórí bíréékà kékeré, wọ́n fà á wálẹ̀, Màmá sì fi eyín àti ìka méjì so aṣọ pupa mọ́ ọn. Wọ́n fi Tẹ́sítà, tó bá wọn wá, sídìí rẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ gbé irinṣẹ́ nínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, oníná kejì kúnlẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án?" ni Màmá bi ọmọ rẹ̀.

"Rárá, mà." Tẹ́sítà yọ tẹ́sítà kúrò nínú irun, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyá rẹ̀. "Àmọ́ ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ dán an wò."

Màmá gbà á. Ó dán wáyà wò, ó sì tún dán an wò, kó tó sọ fún ọkùnrin náà pé kó ki ọwọ́ bọ omi. Ó wá bojú wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ó yẹ kí èmi náà ti dán an wò lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Má jẹ́ kí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni mú ọ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní kó o fi sílẹ̀. Bó o bá sì ti ṣe é, tètè sọ, kí ẹlòmíì tó fi ara rẹ̀ gbà á."

Tẹ́sítà ní òun ti gbọ́, mà. Màmá dá tẹ́sítà náà padà fún un, ó ní kó má fi há irun mọ́, kó máa mú un lọ́wọ́.