Ìbọ̀sẹ̀ Ọlọ́tí Zorica

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé ní gúúsù ilẹ̀ Serbia, òórùn tàtàṣé sísun ló máa ń kí àlejò kí onílé tó kí i. Ní àgbàlá Màmá Stanojka, lábẹ́ igi àjàrà, àwọn obìnrin ti yí agbada ká láti àárọ̀. Wọ́n ń sun tàtàṣé, wọ́n ń bó o, wọ́n sì ń rò ó lórí iná títí yóò fi di ajvar, ata tí gbogbo ilé máa fi jẹ búrẹ́dì títí ìgbà òtútù á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ọwọ́ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu wọn náà ń ṣe tirẹ̀.

Zorica jókòó sí ìkangun. Ìyàwó Momir ni, ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ kó igi gẹdú. Kò tíì pẹ́ tó ti ilé ìwòsàn dé, ohun tó sì sọ fún gbogbo abúlé ni pé wọ́n yọ òkúta nínú òróòro òun, iṣẹ́ abẹ kékeré lásán. Irọ́ ni. Ìju, kókó tó máa ń hù nínú ilé-ọmọ, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun, dókítà sì ní kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí àwọn yọ ilé-ọmọ rẹ̀ lọ. Momir nìkan ló mọ̀.

Kí ló dé tó fi purọ́? Nítorí ọ̀rọ̀ kan péré ni: "prazna". Òfìfo ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tí wọ́n bá yọ ilé-ọmọ rẹ̀ lábúlé náà nìyẹn. Zorica ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu Màmá Stanojka fúnra rẹ̀, nígbà tí màmá ń sọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ń gbé lókè odò. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí rẹ̀. Láti ìgbà tó sì ti dé, orí àga nínú ilé ìdáná ni Momir ń sùn. Zorica kò béèrè ìdí. Ó ti dáhùn ìbéèrè náà fúnra rẹ̀, ó sì ń dùn ún gidigidi.

Ṣùgbọ́n irọ́ a máa bímọ. Ẹni tó ní òkúta kékeré ni wọ́n yọ fún òun, ta ni yóò ní kó má gbé ẹrù? Nígbà tí ọkọ̀ já tàtàṣé sílẹ̀ níjẹta, wọ́n na àpò kan sí Zorica, ó sì gbé e kí wọ́n má baà fura. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ gbóná, ẹ̀jẹ̀ tó ti dá tún bẹ̀rẹ̀, omi kan tó ń rùn sì ń bá a jáde. Ó ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé kó máa ṣe fún ibà: ó rẹ ìbọ̀sẹ̀ sínú rakija, ọtí líle tí wọ́n ń fi èso pọn nílé. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, tí ara ṣì ń gbóná, ó rẹ òmíràn, ó wọ̀ ọ́, ó sì jáde lọ bó tàtàṣé.

"Kí ló ń rùn báyìí?" Dobrila, aládùúgbò rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fa imú. "Ọtí ni! Ta ló ti mu rakija láàárọ̀ yìí tí kò pè mí?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Imú rẹ ló ń tàn ọ́," ni Zorica wí.

"Imú mi kẹ̀? Imú tó máa ń gbóòórùn ọkọ mi láti ìkòríta tó bá ti mutí! Zorica, ìwọ ni o. Wo bí ojú rẹ ṣe pọ́n. O ò tiẹ̀ lè rọra dá tèmi sí."

Zorica dìde kó lè gba afẹ́fẹ́ díẹ̀. Òòyì kọ́ ọ. Àtẹ̀gùn olókùúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló rí, ló bá jókòó lé e.

Ohun tí obìnrin kan kì í ṣe níbẹ̀ nìyẹn! Ìdí rẹ̀ kò tíì balẹ̀ dáadáa tí ohùn Màmá Stanojka fi dún.

"Dìde! Dìde lórí òkúta tútù yẹn! Ṣé o fẹ́ kí òtútù mú ilé-ọmọ rẹ ni? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, etí yín di!"

Zorica wò ó. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pọ̀ débi pé àwọn yòókù rò pé ọtí ọ̀hún ti ń ṣiṣẹ́. Àfi bí ẹ̀rín ṣe di ẹkún.

"Ilé-ọmọ wo, Màmá? Èwo ni òtútù fẹ́ mú? Wọ́n ti yọ ọ́. Kì í ṣe òkúta kankan. Ilé-ọmọ ni. Ẹ yáa pè mí ní òfìfo, kí n gbọ́ ọ kí n sinmi."

Tàtàṣé ń jó lórí iná, kò sẹ́ni tó yí i.

Dobrila gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Èmi náà," ló sọ.

"Ìwọ náà kí ni?" Màmá Stanojka bi í.

"Èmi náà ò ní in mọ́. Ẹ rántí ọdún tí mo ní mo lọ kí àbúrò mi, tí mi ò tètè dé? Àbúrò wo! Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo wà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń dá ọ̀rọ̀ yìí jẹ. Mo sunkún títí, bẹ́ẹ̀ mi ò tiẹ̀ fẹ́ bímọ mọ́. Ooru á dédé bò mí, màá ṣí fèrèsé, ọkọ mi á ní mo fẹ́ kí atẹ́gùn pa òun." Ó nu ojú, ó sì fi ata kun ún. "Àmọ́ mo bí ọmọ mẹ́ta, mò ń ro ajvar, mò ń bá gbogbo abúlé yìí jà. Èwo ló jọ òfìfo níbẹ̀? Ẹ sọ fún mi!"

Ojú ti Màmá Stanojka. "Ẹ foríjì mí," ló wí jẹ́jẹ́. "Mi ò mọ̀ pé àwọn ọmọ mi ni mò ń bú."

Jagoda, nọ́ọ̀sì abúlé náà tó wá bó tàtàṣé tirẹ̀, ti dé ọ̀dọ̀ Zorica. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

"Ara rẹ ń jó! Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Àná ni. Kò le. Mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀ onírakija."

"Áà!" Dobrila ké. "Àṣé ẹsẹ̀ ló mutí!"

Zorica pàápàá rẹ́rìn-ín. Jagoda kò rẹ́rìn-ín. "Bọ́ ọ. Ọtí tó wà lẹ́sẹ̀ kò lè dé ibi tí wọ́n gé nínú. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde? Àbí omi tó ń rùn?"

Zorica mi orí pé méjèèjì ni.

"O gbé ẹrù?"

"Àpò tàtàṣé kan."

"Èmi ni mo nà án sí i!" Dobrila ká ọwọ́ lérí. "Zorica, kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Gbọ́," ni Jagoda wí. "Ibi tí wọ́n rán nínú, a ò rí i, ṣùgbọ́n egbò ni. Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí kì í gbé ohun tó wúwo fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tàbí títí dókítà rẹ̀ á fi ní ó yá. Ibà, ẹ̀jẹ̀ tó ń pọ̀ sí i, omi tó ń rùn, wọn kì í ṣe ohun tí a ń tọ́jú nílé. Ilé ìwòsàn ni, nísinsìnyí."

"Ṣé kò lè di ọ̀la?"

"Ọ̀la lè pẹ́ jù. Bí àrùn bá ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń pani."

Wọ́n pe Momir. Ó dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lára aṣọ, ó rọra gbé ìyàwó rẹ̀ sínú mọ́tò. Wọ́n rìn díẹ̀ kí Zorica tó lè sọ ọ́ jáde.

"Momir, kí ló dé tí o fi ń sùn lórí àga? Ṣé nítorí pé mo ti di òfìfo ni?"

Momir fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ bíréèkì. "Òfìfo báwo? Ṣé o ò mọ bí mo ṣe ń jà lójú oorun ni? Ta ló fi ìgúnpá tì ọ́ jábọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́sí? Ẹ̀rù ló ń bà mí kí n má lọ fi ẹsẹ̀ gbá ibi tí wọ́n rán. Ọrùn mi ti fẹ́ kán lórí àga yẹn, Zorica!"

Zorica di apá rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

Àrùn ti wọ ojú ọgbẹ́ náà lóòótọ́. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fa oògùn sí i lára. Dókítà sọ fún Momir pé ká ní wọ́n pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yíwọ́.

Nígbà tí Zorica padà dé, Màmá Stanojka pè wọ́n jọ láti mu kọfí. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pe obìnrin òkè odò, tó sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin abúlé náà bi ara wọn ní ohun tí wọn kò lè bi ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀kan ní òun ń sunkún láìnídìí. Òmíràn béèrè ìgbà tí ẹni tí wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀ lè padà bá ọkọ rẹ̀ sùn, Jagoda sì ní kó dúró kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ná. Zorica tún gbàgbé, ó jókòó sórí òkúta.

"Dìde níbẹ̀!" Màmá Stanojka pariwo.

"Màmá, kò sí ohun tí òtútù máa mú mọ́!"

"Ìdí rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n yọ ìyẹn náà ni?" Ó ju tìmùtìmù sí i.

Ẹ̀yin obìnrin wa, bí wọ́n bá yọ ilé-ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ nílé, kí wọ́n lè gba ẹrù lọ́wọ́ yín. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ máa mu omi, ẹ sì bi dókítà bóyá wọ́n yọ ilé ẹyin náà, kí ooru tó máa ń tẹ̀lé e má baà bá yín lójijì. Bí ara bá gbóná, bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, bí omi bá ń rùn, bí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tó ń dunni, tàbí tí èémí kò já gaara, ẹ má rẹ ìbọ̀sẹ̀ sínú ohunkóhun. Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń sùn lórí àga. Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ ṣọ́ ẹnu yín, nítorí ẹ ò mọ ẹni tó jókòó tì yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, Zorica ò sì dákẹ́ ló fi wà láàyè tó ń jẹ ajvar ọdún yìí.