Àpótí Tí Kò Tó Márùn-ún

Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọkùnrin oníṣirò ìwádìí kan ni nọ́ọ̀sì kan dúró sí, ó gbá kọ̀ǹpútà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ó ń wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníṣirò bí ẹni tó rí ejò. Níkẹyìn, ó fa àga mìíràn, ó lọ jókòó sọ́ọ̀ọ́kán.

"Ẹ sún mọ́ mi, mi ò ní gé yín jẹ," ni ọkùnrin náà wí.

"Ibí dára fún mi."

Ẹ má dá a lẹ́bi o. Afẹ́sọ́nà méjì ló ti sin. Jàǹbá ọkọ̀ pa èkíní, ibà pa èkejì. Láti ìgbà náà ni aráyé ti ń pè é ní Apọkọ, òun alára sì ti gbà á gbọ́. Bí ọkùnrin bá rẹ́rìn-ín sí i, pósí ló ń rí.

Iṣẹ́ ló gbé e wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ìyá tí wọ́n ń fi fóònù rán létí ń gbé ọmọ padà wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ju àwọn yòókù lọ. Oníṣirò ya àpótí mẹ́rin sára pátákó: àwọn tí a rán létí tó padà wá, àwọn tí a rán létí tí kò wá, àti méjì bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí a kò rán létí.

"Ìdánwò káì-skuéà la ó lò. A ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ìránnilétí kò já mọ́ nǹkan kan. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, èèyàn mélòó la retí nínú àpótí kọ̀ọ̀kan? A ó wá fi iye tí a rí gan-an wé e. Bí ìyàtọ̀ wọn bá pọ̀ ju ohun tí èèṣì lásán lè mú wá, a jẹ́ pé nǹkan kan so wọ́n pọ̀. Àmọ́ o, pé nǹkan méjì so pọ̀ kò ní kí ọ̀kan fa èkejì."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn wọ̀ ọ́ létí, kò jáde mọ́. Nọ́ọ̀sì ń padà wá ṣáá. Bí ìbéèrè kan bá tán, á wá òmíràn. Ìfẹ́ dé, ẹ̀rù tẹ̀ lé e wọlé. Bí ọkùnrin náà bá pẹ́ kó tó gbé fóònù, obìnrin náà á tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìyá ọkùnrin náà gbọ́, ó wá bá nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò pariwo, kò bú u. Omijé ló fi bẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi, òun nìkan ni mo bí. Jọ̀ọ́, dá a sí fún mi."

 Nọ́ọ̀sì lọ dágbére fún olólùfẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ní kí ló dé. Ni obìnrin náà bá ya àpótí mẹ́rin sára pátákó: àwọn tó fẹ́ òun tó kú, àwọn tó fẹ́ òun tó wà láàyè, àwọn tó fẹ́ ẹlòmíràn tó kú, àwọn tó fẹ́ ẹlòmíràn tó wà láàyè. Ó kọ méjì sínú àpótí àkọ́kọ́.

"Bá mi ṣírò ẹ̀. Sọ fún mi bóyá èmi ni mò ń pa wọ́n."

Oníṣirò fi ìka kan àpótí náà. "Káì ò lè dáhùn èyí. Iye tí a bá retí nínú àpótí gbọ́dọ̀ tó márùn-ún, kí èsì tó ṣe é gbára lé. Àwọn tí o kọ síbẹ̀ kéré jù."

"Ṣé kí n wá pa mẹ́ta sí i ni?"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì, kó tó di ẹkún lójú obìnrin náà.

"Ṣáà sọ pé o ò ní kú."

"Mi ò lè parọ́ fún ẹ, olólùfẹ́ mi. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ó sàn kí n máa bẹ̀rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ju kí ọkàn mi balẹ̀ níbi tí o ò sí."

Obìnrin náà fa àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó.

Ìyá kọ̀, kọ̀, kọ̀, kó tó gbà tẹ̀rùtẹ̀rù. Wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí fóònù fi dún. Ìyá ni.

"Ṣé ó jí?"

Ìyàwó sáré gbé ọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ láyà. "Ó ń hanrun ni, Màmá."

Ìyá mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa fóònù. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé ìwọ náà jí dáadáa?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè é ní Apọkọ, kò sí ẹni tó bi í rí bóyá òun alára wà láàyè. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Mo jí, Màmá," ló wí. "Mo jí."