Ta Ló Gbé Sìkánà Ẹgbẹ́?

Àwọn mẹkáníìkì Òkìtìpupa kì í tètè gbà pé nǹkan sọnù. Bí sípánà bá di àwátì, wọ́n á ní ọmọṣẹ́ ló gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yẹmí, akọ̀wé ẹgbẹ́, ṣí ọ́fíìsì láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tó rí i pé àpótí sìkánà wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, tí sìkánà fúnra rẹ̀ kò sì sí nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ abẹ́ ọkọ̀ sọ. Sìkánà yìí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ òde òní kí ọkọ̀ lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún. Ó pẹ́ tí ẹgbẹ́ ti ń jiyàn kí wọ́n tó fẹnu kò lórí èyí tí wọ́n máa rà. Ìrọ̀lẹ́ àná gan-an ni pásítọ̀ gbàdúrà sí i. Àdúrà náà kò tíì tutù tí olè fi dé.

Inspẹ́kítọ̀ Vivian Ọlápàdé kò dúró de ọkọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀kadà ló gùn wá. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ nìkan ló ṣe ń kánjú. Jíìpù kan wà ní àgbàlá àgọ́ wọn tí iwájú rẹ̀ ti rún. Jíìpù yìí ló já wọ àtíbàbà ìyá eléépo kan ní Àjàgbà, tí ìyá náà sì kú. Olúmidé tó wà á ní òun tẹ bíréèkì, bíréèkì kò dáhùn. Awakọ̀ wo ló pààyàn rí tí kò sọ bẹ́ẹ̀? Vivian kò gbà á gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì tì í mọ́lé. Ṣùgbọ́n Leah, ìyàwó Olúmidé, ọmọ Ìlàjẹ tó ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà, kò yéé wá. Ojoojúmọ́ ló ń gbé oúnjẹ wá sí àgọ́, gbólóhùn kan náà ló sì ń sọ: “Madam, ọkọ mi kì í purọ́.”

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kò jẹ́ kí Vivian sùn dáadáa mọ́. Ó bẹ ẹgbẹ́ mẹkáníìkì pé kí wọ́n bá òun fi sìkánà tuntun náà yẹ jíìpù wò lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí pé Sátidé ni ẹni tó ni ín yóò wá wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Olúmidé yóò fojú ba ilé ẹjọ́. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan tó gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ.

Bí Vivian ṣe wọ ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ariwo ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Màmá Aníwúrà, tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe oúnjẹ púpurú nínú ọgbà náà tó sì ń tà á fún wọn lọ́sàn-án, dúró ti dúrọ́ọ̀mù kan tó rẹ ẹ̀gẹ́ sí, ó káwọ́ lérí.

“Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ mi ṣe o! Ta ló ń bá mi ṣeré irú èyí?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” Yẹmí ní, “ọ̀rọ̀ ńlá ló wà nílẹ̀.”

“Ṣé ẹ̀gẹ́ tèmi ni ọ̀rọ̀ kékeré? Bí ebi bá pa yín lọ́sàn-án, ẹ lọ jẹ ọ̀rọ̀ ńlá!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa Vivian wọ inú ọ́fíìsì.

Ilẹ̀kùn kò bàjẹ́. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà: ọ̀kan lọ́wọ́ Yẹmí, ọ̀kan lọ́wọ́ Ọ̀gá Benedict Àjíṣafẹ́ tó jẹ́ alága, ọ̀kan lọ́wọ́ Adéríbigbé tó ń ṣe iná ọkọ̀. Láti ìgbà tí olè ti ń kó bátìrì lọ́gbà náà, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ń tú àpò àti bùútù ọkọ̀ gbogbo ẹni tó bá ń jáde, títí kan ti alága. Vivian bi ọlọ́dẹ náà léèrè. Ó búra pé kò sóhun tó gba ọwọ́ òun kọjá.

“A jẹ́ pé ó ṣì wà nínú ọgbà,” Vivian sọ fún ara rẹ̀.

Yẹmí ló kọ́kọ́ pè. “Sọ fún mi bí ẹ ṣe yan ẹ̀rọ yìí.”

“Oríṣi mẹ́ta la gbé yẹ̀ wò, Madam. Ọ̀kan kéré bí páálí ìṣáná. Fóònù lẹ máa so ó mọ́, kò sì mọ nǹkan kan ju ẹ́ńjìnnì lọ. Irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ alága, òun ló sì ní ká rà sí i. Adéríbigbé fẹ́ èyí tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Èmi ní ká ra èyí tó ń ka gbogbo ara ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì, jíà, bíréèkì, gbogbo ẹ̀. Tèmi ló wọlé.”

“Ta ló bínú jù?”

“Adéríbigbé bínú, àmọ́ ó tán nínú rẹ̀. Alága ló yà mí lẹ́nu. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ló ń fi wá ṣe, ó ní a fẹ́ ra tẹlifíṣàn. Àfi láìpẹ́ yìí tí ọ̀rọ̀ náà ṣàdédé di ìjà. Ó ní bí a bá rà á, òun kò ní jẹ́ alága mọ́.”

“Láìpẹ́ yìí, nígbà wo?”

“Ẹ̀yìn ìgbà tí ìyá yẹn kú ní Àjàgbà.”

Adéríbigbé wọlé, ó ti ń bínú kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

“Èmi ni wọ́n máa fura sí, mo mọ̀. Ẹ̀rọ tí kò lè ṣe kọ́kọ́rọ́, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Madam, ẹ wo inú àpótí yìí. Wáyà tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọkọ̀ rèé. Bí kò bá sí wáyà yìí, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó máa rà á. Olè wo ló ń gbé ìbọn tó ń fi ọta sílẹ̀?”

Vivian wo wáyà náà títí. Òótọ́ ni Adéríbigbé sọ. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ yìí kò fẹ́ lò ó, kò sì fẹ́ tà á. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí ẹlòmíràn má rí i lò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀gá Benedict ni ó kù. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ ti funfun, gbogbo Òkìtìpupa ló sì mọ̀ ọ́n. Ìdajì àwọn mẹkáníìkì ìlú náà ló kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó fa àga fún Vivian.

“Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́,” ó bẹ̀rẹ̀. “Mo kìlọ̀ fún wọn. Mo ní ẹ má lọ gbé ẹ̀rọ olówó ńlá sí ọ́fíìsì tí kò ní irin lójú fèrèsé. Etí mi yìí ni sìkánà mi, Madam. Kí ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lásán, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Bí etí kò bá sì tó, èyí wà níbẹ̀.” Ó yọ sìkánà kékeré kan nínú àpò, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.

Ọwọ́ náà ni Vivian ń wò. Ọwọ́ òsì rẹ̀ dà bíi ti gbogbo wọn, epo dúdú ti kú sí ìdí èékánná. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mọ́ dé ìgúnpá. Èékánná rẹ̀ funfun, awọ ìka rẹ̀ sì hunjọ. Òórùn kan ń ti ara rẹ̀ jáde tí ọṣẹ kò tíì borí, òórùn kíkan tí gbogbo ọmọ Ìkálẹ̀ mọ̀ láti ilé ìyá wọn. Vivian dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Ó lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ Màmá Aníwúrà.

“Màmá, kí ni wọ́n fi ẹ̀gẹ́ yín ṣe?”

“Ọma mi, ìwọ nìkan lo bi mí!” Inú ìyá náà dùn débi pé ó fa Vivian lọ́wọ́. “Wo ojú omi yìí. Epo ọkọ̀ ń dán lórí rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó ti rọ̀, tí mo fẹ́ fún lọ́la! Mẹkáníìkì kan ló ti ọwọ́ ìdọ̀tí rẹ̀ bọ ibẹ̀.”

“Ṣé òótọ́ ni pé omi ẹ̀gẹ́ máa ń fọ ọwọ́?”

“Ó ju ọṣẹ lọ. Èmi tí mò ń ṣe é, o ti rí èékánná mi dúdú rí?”

Vivian kò tíì ti ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀mù. Ó pe àgọ́ lórí fóònù, ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún Olúmidé nínú àtìmọ́lé.

“Olúmidé, mẹkáníìkì wo ló ń tún jíìpù yẹn ṣe?”

“Ọ̀gá Benedict ni, Madam. Iná bíréèkì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nǹkan kan sì ń ké nínú ọkọ̀. A gbé e lọ bá a. Ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn, ó wo fóònù rẹ̀, ó ní kò sóhun tó ṣe ọkọ̀. Nígbà tí a lọ gbà á, iná náà ti kú, igbe náà ti dákẹ́. A rò pé ó ti ṣe é ni.”

“Kí ló dé tí o kò sọ èyí fún mi láti ọjọ́ yìí?”

“Ẹ kò bi mí, Madam. Bóyá mo ń sáré ni ẹ ń bi mí.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Vivian dé egungun. Ó tún pe nọ́ńbà mìíràn lórí fóònù kí ó tó pe gbogbo wọn jọ.

Nígbà tí wọ́n pé, ó ní kí Màmá Aníwúrà yẹ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù wò. Ìyá náà káṣọ sókè, ó ti apá bọ ọ́, ó wá a títí, ó sì fa nǹkan kan jáde. Sìkánà ẹgbẹ́ ni, omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lára rẹ̀. Yẹmí figbe ta.

“Ọ̀gá Benedict,” Vivian ní, “kí ló dé tí ẹ fi rì í?”

“Èmi kẹ̀? Ta ni kò lè ju nǹkan sínú dúrọ́ọ̀mù?”

“Ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì sókè, bàbá.”

Kò gbé e. Ó fi ọ̀tún pamọ́ sẹ́yìn, ìyẹn sì burú ju kí ó gbé e lọ. Gbogbo ojú yíjú sí i.

“Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rò ó,” Vivian ní. Kò pariwo. “Olè fi wáyà sílẹ̀, a jẹ́ pé ìbẹ̀rù ẹ̀rọ yìí ló ń ṣe é. Kí ni ẹ̀rọ yìí ń rí tí kékeré ọwọ́ yín kò rí? Bíréèkì. Ọkọ̀ wo ló sì fẹ́ yẹ̀ wò lọ́la? Jíìpù Olúmidé. Ẹ̀yin lẹ fi kékeré yẹ̀ ẹ́ wò. Kò rí nǹkan kan, torí pé ẹ́ńjìnnì nìkan ló mọ̀. Ẹ̀yin sì sọ pé ara ọkọ̀ le. Ẹ wá yọ iná, ẹ gé wáyà ohun tó ń ké. Bí ó bá di Sátidé, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa wọ́ ọkọ̀ náà wá, ẹ ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Àmọ́ bàbá, inú ọkọ̀ ni ẹ̀rí wà, kò sí nínú ẹ̀rọ. Mo ti ránṣẹ́ sí Òrè, wọ́n ń gbé sìkánà mìíràn bọ̀.”

Ọ̀gá Benedict jókòó sórí táyà kan. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

“N kò mọ̀ pé yóò pààyàn,” ó ní. “Iná yẹn kọ̀, kò kú. Mo tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà títí, n kò gbọ́ ohun tó ṣe é. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ dúró yí mi ká, wọ́n ń wò mí.”

“Ṣé ẹ kò lè sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n ni?”

“Èmi? Ní ojú wọn?” Ó mi orí. “Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò tíì sọ ọ́ rí.”

“Olúmidé wà látìmọ́lé, ẹ sì mọ̀.”

Yẹmí, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yíjú sí ògiri, ó ń sunkún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, sìkánà Òrè ka jíìpù náà níwájú Díípíò, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wọn. Mọ́tò kékeré tó ń ran bíréèkì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ti kú tipẹ́, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti yọ iná, ó sì ti gé wáyà. Díípíò ní kí wọ́n mú Olúmidé jáde.

Leah ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ. Vivian rò pé ọkùnrin náà yóò fò mọ́ ìyàwó rẹ̀, tàbí kí ó bú òun tó tì í mọ́lé. Kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó dúró, ó ń wo jíìpù náà.

“Madam,” ó ní, “nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé n kò tẹ bíréèkì, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá n kò tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Bí mo bá dijú, n kì í rí ẹsẹ̀ mi mọ́. Ojú ìyá yẹn nìkan ni mò ń rí.” Ó yíjú sí Vivian. “Ṣé mo tẹ̀ ẹ́?”

“O tẹ̀ ẹ́, Olúmidé,” Vivian dá a lóhùn. “Bíréèkì ni kò dáhùn. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

Olúmidé rọra jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ojú lé orúnkún, ó sì sunkún fún ìyá náà.